Omi Tí Mo Sè fún Koríko

Bàbá mi ọ̀wọ́n, Bàbá Olómi-Gbígbóná,

Ẹ má bínú sí orúkọ yẹn. Ẹ kúkú mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè yín lẹ́yìn, kì í ṣe èmi ni mo sọ yín lórúkọ. Mo kí yín o. Mi ò mọ irú kíkí tí wọ́n ń kí ẹni tó ti lọ, bóyá ẹ káàárọ̀ ni tàbí ẹ kú ilé, nítorí náà ẹ mú èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì.

Mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀ kí n tó sọ nǹkan mìíràn. Inú bí mi sí yín gan-an ní àwọn oṣù tó kọjá yìí. Ó bí mi débi pé mo yí fọ́tò yín tó wà lórí tábìlì nínú yàrá tí mo ń gbé ní Agbowó kojú sí ògiri. Màá rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà ní mo ti ya aláìmoore láti ìgbà tí ẹ ti fi wá sílẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ fún yín ní ìròyìn ilé. Màmá wà dáadáa. Orúnkún ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà òjò, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò dín kù rárá. Túndé àbúrò mi ti ga jù mí lọ, ó sì ti ń wọ bàtà yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fi gbá bọ́ọ̀lù, tí Màmá sì ń bú u lójoojúmọ́. A ṣì wà nínú ilé wa ní Challenge, lábẹ́ onílé kan náà, pẹ̀lú òrùlé kan náà tó ń jò. Ibi tí ẹ ti ń kun mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹnìkan tó ń lẹ táyà ló ti gbà á. Kò burú, ó máa ń kí wa.

Màmá ti ta ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fọ́n ọ̀dà. Mo mọ̀ pé èyí á dùn yín, torí ẹ fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn bí ọmọ, ẹ tilẹ̀ máa ń nu ún lálẹ́ Sátidé bí ẹni tó fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi san owó ọdún mi tó kẹ́yìn ní yunifásítì. Lọ́jọ́ tí wọ́n tà á, wọ́n pè mí jókòó, wọ́n ní kí n wo inú ilé yí ká dáadáa, kí n sọ fún àwọn ohun tó tún kù tí a lè tà. Mo wò ó. Kò sí. Wọ́n ní ó dáa, mo ti fi ojú ara mi rí i. Bí wọ́n bá fi ọdún kan kún ọdún mi nílé ẹ̀kọ́ yẹn, ibi tí mo bá dé ni mo dé o, kí n yáa wá bá àwọn jókòó tajà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn. Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Ní ọdún tó kẹ́yìn yẹn, kálukú wa ní láti ṣe iṣẹ́ ìwádìí kan tí a ń pè ní pírójẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá yọrí, á tún ọdún náà ṣe ni. Èmi mú ewéko inú omi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò le. Ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo ewéko fi ń se oúnjẹ ara rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ sí i, ṣé oúnjẹ náà á yá sí i? Bó bá kéré ńkọ́? Ewéko orí ilẹ̀ kì í jẹ́ kí ojú rí i nígbà tó bá ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ti inú omi kò lè fi pamọ́. Bí ènìyàn bá gé ìdí rẹ̀, tó dorí rẹ̀ kodò sínú ìgò omi, tí ìmọ́lẹ̀ sì bà á, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú ibi tí a gé, róbótó-róbótó, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, á máa gòkè lọ. Èmi àti Bísí tí a jọ ń gbé yàrá ń pè é ní ìlẹ̀kẹ̀. Iṣẹ́ mi kò ju kí n sún gílóòbù mọ́ ìgò, kí n ka iye ìlẹ̀kẹ̀ tó jáde láàárín ìṣẹ́jú kan, kí n sún un sẹ́yìn, kí n tún kà. Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Túndé pàápàá lè ṣe é, bí ẹ bá lè gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹlẹ́yẹlé ni mo ti lọ wá koríko náà. Ó pọ̀ létí omi, nítòsí ibi tí àwọn apẹja ń so ọkọ̀ mọ́. Ewé rẹ̀ tínrín bí irun, kò ní gbòǹgbò, abẹ́ omi ló ń gbé. Àwọn apẹja kórìíra rẹ̀ nítorí pé ó ń lọ́ mọ́ àwọ̀n. Bàbá kan nínú wọn bá mi fà á jáde, wọ́n béèrè bóyá wúrà ló ń so. Mo ní rárá, mo fẹ́ mọ bó ṣe ń jẹun ni. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní àtìgbà tí àwọn ti gbọ́njú ni àwọn ti ń wá bó ṣe máa kú, ìjọba wá rán ọmọ níwèé láti wá bó ṣe máa jẹun. Gbogbo àwọn tó wà lórí ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo bu omi ibẹ̀ sínú kéègì méjì pẹ̀lú, torí Dókítà, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, ti ní omi tó ti mọ́ koríko náà lára ni kí n lò.

Mo lọ sọ fún Màmá pé mo ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, n ó lékè. Mo ní Màmá, èyí tí mo mú kì í lékè o, ìsàlẹ̀ omi ló ń gbé. Wọ́n ní kí n tètè lọ pààrọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín rèé. Mo gbé kéègì dé yàrá, mo ṣí i, mo sì wo omi náà. Ó pọ́n díẹ̀, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ sì ń tọ pọ́ún-pọ́ún kiri nínú rẹ̀. Kí ni ẹ rò pé mo ṣe? Mo gbé ìkòkò ka sítóòfù. Mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ mi ló ń ṣe é. Mo sè é títí ó fi hó yaya, mo jẹ́ kó hó pẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ wa, mo sọ ọ́ kalẹ̀ kó tutù, mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, mo sì rọ ọ́ sínú kéègì tí mo ti fi omi gbígbóná ṣan. Bísí béèrè bóyá mo fẹ́ mu ún ni. Mo ní rárá, ti koríko ni. Ó ní àbí sòbìà máa ń yọ lẹ́sẹ̀ koríko ni? A jọ rẹ́rìn-ín, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ẹ kúkú mọ irú ilé tí mo ti jáde. Nínú ilé yín, kò sẹ́ni tó ń mu omi tí iná kò tíì bá wí. Omi ẹ̀rọ, ẹ sè é. Omi òjò, ẹ sè é. Bí a bá lọ síbi ìkómọ, kéègì yín á wà lábẹ́ àga yín, a ó sì máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ yín. Mo rántí ọ̀sán ọjọ́ tí pásítọ̀ rìn wá kí wa nínú oòrùn oṣù kẹta, tí wọ́n ní kí a bu omi fún àwọn, tí ẹ gbé èyí tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wọn. Pásítọ̀ mu ún tán pẹ̀lú sùúrù. Mi ò mọ bí wọn ṣe ṣe é.

Kò sẹ́ni tó lè bá yín jiyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lórí omi, ẹ ó ká ṣòkòtò sókè, ẹ ó fi àpá ẹsẹ̀ yín hàn án, ibi tí sòbìà ti yọ jáde nígbà tí ẹ wà ní kékeré ní Òkè-Ògùn, lọ́dún tó yẹ kí ẹ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́fà. Ẹ ò lè rìn dé ilé ìwé lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé yín pọ̀n, ìrora náà pọ̀, wọ́n gbé yín padà sílé, ìwé yín sì parí síbẹ̀. Ẹ máa ń ní ìgbà tí sòbìà bá ti degbò tán ni aráyé tó ń ké sí ewé olúgànbe, ẹ̀yin ò ní dúró de olúgànbe kankan láéláé, iná sítóòfù ni olúgànbe tiyín. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi di ara mi. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé mo se omi fún koríko, tí ojú kò sì tì mí.

Bàbá, koríko náà kò yọ ìlẹ̀kẹ̀ kankan. Mo tan gílóòbù, mo jókòó tì í, kò sí. Mo sún gílóòbù mọ́ ọn, ẹyọ kan yọjú, ó rọ̀ mọ́ ibi tí mo gé, ó kọ̀, kò gòkè. Mo sún un mọ́ ọn débi tí ìgò fi ń gbóná lọ́wọ́. Òfo. Mo sún un sẹ́yìn. Òfo náà ni. Mo gé koríko mìíràn, mo tún gé òmíràn. Mo padà sí Ẹlẹ́yẹlé lọ wá èyí tó tutù yọ̀yọ̀, bàbá apẹja ní ṣé èyí àkọ́kọ́ ti yó ni. Mo tún bu omi. Mo tún sè é. Àní mo tún sè é! Mo tilẹ̀ jẹ́ kó hó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí mo ti pinnu lọ́kàn mi pé ìdọ̀tí inú omi ló ń dí i lọ́wọ́.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti rí èsì tiwọn. Àwọn mìíràn ti gbé iṣẹ́ fún àwọn tó ń tẹ̀wé ní Agbowó. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn kọjá, tí mo ń gbọ́ taipúráítà, kákáká, tí inú mi sì ń bàjẹ́. Dókítà wá wo ìgò mi. Obìnrin ni wọ́n, wọn kì í pariwo mọ́ ènìyàn, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n béèrè nípa gílóòbù, wọ́n béèrè nípa koríko, wọ́n béèrè bí mo ṣe gé e. Wọ́n ní ṣé omi Ẹlẹ́yẹlé ni mo lò, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ kọ́ ni mo pa, omi Ẹlẹ́yẹlé náà ni. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá fi di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ tí mi ò sì rí nǹkan kan kọ, a jẹ́ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ kẹ̀! Ilé wa ní Challenge ni mo rí lójú mi, òfìfo láti ògiri dé ògiri.

Bísí ló wá mú àbá wá. Ó mọ ẹnìkan tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ó lè bá mi gba àwọn iye tí onítọ̀hún kọ, kí n fi díẹ̀ kún ti ìhín, kí n yọ díẹ̀ kúrò nínú ti ọ̀hún, ta ló fẹ́ mọ̀? Mo rò ó o. Mi ò ní tàn yín, mo sùn lé e lórí, mo jí, mo tún rò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ bà mí jẹ́ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ti jókòó ti yín púpọ̀ jù níbi iṣẹ́, tí ẹ ń fi yanrìn pépà ha gbogbo ara mọ́tò, tí oní-mọ́tò ń pòṣé, tó ní kí ẹ ṣáà kun ọ̀dà lé ìpẹtà náà, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ẹ ó ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kun ìpẹtà, wọ́n pọ̀ ní Ring Road. Mo sọ fún Bísí pé mi ò ní lè ṣe é. Ó ní ó dáa, kí n fi ìwà rere ṣe ọdún mìíràn. Ó bínú gan-an. Síbẹ̀ ó tẹ ẹ̀bà fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí kẹrosíìnì fi wọ́n. Láti ọjà Bódìjà títí dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, kéègì òfìfo ni gbogbo ènìyàn ń gbé kiri. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú sítóòfù wa kò lè se ju ìkòkò kan lọ. Bísí ní kí n mú ọ̀kan, ìrẹsì tàbí omi koríko. Ebi ń pa wá. Mo mú ìrẹsì.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé omi Ẹlẹ́yẹlé lọ sí láàbù bó ṣe wà, pẹ̀lú pípọ́n rẹ̀ àti gbogbo ohun tó ń tọ nínú rẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí mo rọ ọ́ tán, bí ẹni pé sòbìà lè gba èékánná wọlé. Mo tan gílóòbù. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí ìlẹ̀kẹ̀ kan fi já, ó gòkè. Òmíràn tẹ̀lé e. Òmíràn! Kí n tó rí aago mi, wọ́n ti ń tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ sókè bí ọmọ ilé ìwé tó gbọ́ agogo ìjáde. Mo kígbe, mo ní yéè! Ẹni tó wà ní tábìlì kejì rò pé iná ló gbé mi.

Mo sáré lọ pe Dókítà. Wọ́n wo ìgò, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí ni mo ṣe tó yàtọ̀. Mo ní kò sí. Wọ́n ní kí n rò ó dáadáa. Mo ní àfi omi yìí tí mi ò rí kẹrosíìnì sè. Wọ́n ní omi tí o ò rí kí ni? Mo tún un sọ. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n fi ẹ̀yìn ti tábìlì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín wọn nìyẹn.

Ohun tí wọ́n wá ṣàlàyé fún mi, mo ti kọ́ ọ ní kíláàsì tipẹ́tipẹ́, mo kàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ rí ni. Ìmọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ni ewéko fi ń se oúnjẹ. Afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí síta, òun ni ewéko ń fà wọlé láti fi ṣe é. Èyí tó ń gbé abẹ́ omi, inú omi ló ti ń rí tirẹ̀, torí afẹ́fẹ́ náà ń yọ́ sínú omi bí iyọ̀. Bí omi bá sì ti hó, afẹ́fẹ́ náà ti bá ooru lọ. Èmi wá gbé koríko sínú omi tí kò sí oúnjẹ kan nínú rẹ̀, mo ń tanná sí i lójú, mo ní kó máa jẹun. Bí ẹni gbé ìkòkò òfìfo kaná, tó wá ń fẹ́ iná, tó ń retí ọbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni inú bí mi sí yín. Mo dé yàrá, mo yí fọ́tò yín kojú sí ògiri, mo sì sọ̀rọ̀ sí yín, Bísí gbọ́. Mo ní sòbìà ti gba ìwé lọ́wọ́ yín, ẹ̀rù sòbìà ló tún fẹ́ gbà á lọ́wọ́ èmi náà. Mo ní ẹ ti lọ, ẹ ò tún jẹ́ kí n lo omi bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ń lo omi. Ọ̀rọ̀ tó le ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi nìkan. Láti ìgbà tí a ti sin yín ni gbogbo ènìyàn ti ń ní kí n ṣe ọkàn gírí, àkọ́bí ni mí, kí n má jẹ́ kí Màmá rí omijé mi. Mi ò rí àyè bínú sí ẹnikẹ́ni. Omi yẹn ló ṣí i.

Nígbà tó sì ti ṣí, gbogbo rẹ̀ ló tú jáde. Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ń se kòkòrò tí ojú yín kò rí, kí ló dé tí ẹ ń fa ọ̀dà tí ojú yín ń rí símú? Áńkáṣífù kan ṣoṣo ni ẹ fi ń bo imú, tó bá di ọ̀sán ó ti pupa tàbí kó ti dúdú, gẹ́gẹ́ bí mọ́tò tí ẹ bá ń kùn. Ẹ ó mu mílíìkì agolo kan nírọ̀lẹ́, ẹ ó ní ó ń fọ ọ̀dà kúrò láyà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ṣé ẹ gbà á gbọ́ lóòótọ́, àbí ẹ kàn fẹ́ràn mílíìkì ni? Nígbà tí ikọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ ti mọ̀? Ṣé ẹ mọ̀ pé èémí ló máa wọ́n yín, tí ẹ sì ń wí fún wa pé ọyẹ́ ni? Mo bi yín nígbà yẹn, ẹ ní kí n lọ kàwé mi. Mo ti kà á báyìí. Ta ni kí n wá bi?

Mi ò rí àyè bínú pẹ́, torí àkókò ti lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi tútù. Bí mo ṣe ka ti gílóòbù dé àárín ni iná lọ, kò sì padà wá. Ẹ mọ Ìbàdàn. Mo dúró dè é títí ó fi sú mi, mo bá gbé ìgò mi jáde sí ìta gbangba, torí oòrùn kì í mú iná lọ. Ẹ̀yin náà kì í gba àwọ̀ ọ̀dà gbọ́ lábẹ́ òrùlé, ẹ ó ní kí n gbé pátákó tí ẹ fi dán an wò sínú oòrùn kí a tó mọ òótọ́. Mo lọ sí ọjà Bódìjà, mo ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, mo ká a ní ìpele ìpele lé ìgò lórí. Bí mo bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kéré, màá ká a nípọn. Bí mo bá fẹ́ kó pọ̀, màá ṣí ìpele kan. Mo gbé ìgò náà sínú abọ́ omi tútù kí oòrùn má baà se koríko mi, torí mo ti se nǹkan tó.

Ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo fi aṣọ dúdú bò ó pátápátá, kò sí ìlẹ̀kẹ̀. Pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń já. Bí mo ṣe ń ṣí ìpele, bẹ́ẹ̀ ló ń yá sí i. Bí ìkùukùu bá gba orí mi kọjá, á rọra, bó bá kọjá tán, á tún sáré, mi ò tilẹ̀ nílò láti wòkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìpele tó kẹ́yìn, tí oòrùn bọ́ lé e ní gbangba, kò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ mọ́. Mo rò pé mo tún ti ba nǹkan jẹ́. Dókítà ní rárá, ìmọ́lẹ̀ ti tó o, nǹkan mìíràn ni kò tó. Wọ́n fún mi ní sódà díẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi sí kéèkì, wọ́n ní kí n bù ú sínú omi, pé afẹ́fẹ́ tí koríko ń jẹ wà nínú rẹ̀. Mo bù ú sí i, ìlẹ̀kẹ̀ sì tún yá sí i. Wọ́n ní kí n kọ gbogbo rẹ̀, kí n kọ ti omi tí mo sè náà. Mo ní ṣé kí gbogbo ayé lè fi mí ṣẹ̀sín ni? Wọ́n ní kí n kọ ọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti yunifásítì mìíràn ni wọ́n pè wá láti bi wá léèrè lórí iṣẹ́ wa. Ojú ewé ti omi sísè yẹn gan-an ni wọ́n ṣí. Wọ́n ní kí ló máa mú ènìyàn se omi fún koríko. Gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí mo ti há sórí fò lọ. Mo ní, sà, bàbá mi ló kọ́ wa. Wọ́n ní iṣẹ́ wo ni bàbá mi ń ṣe. Mo ní wọ́n ń kun mọ́tò, wọ́n sì ti ṣaláìsí. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí omi yẹn, wọ́n wá gbé ojú kúrò lórí ìwé. Wọ́n ní nílùú tàwọn, kò sí ẹni tó ń se omi nígbà náà, àwọn sì mọ àwọn ọmọ tó mọ̀wé ju àwọn lọ ní kíláàsì tí sòbìà dá dúró sílé. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí ní ìbéèrè tó le koko nípa oòrùn àti ìgbóná omi. Mo dáhùn. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Bàbá, mo yege. Wọ́n lẹ orúkọ wa mọ́ ògiri, mo ka tèmi, mo kúrò, mo tún padà lọ kà á. Kò sí ọdún mìíràn. Mo dé yàrá, mo yí ojú yín padà sí mi, mo sì sunkún dáadáa, ẹkún tí mi ò sun lọ́jọ́ tí a sin yín. Bísí jókòó tì mí, kò ní kí n dákẹ́.

Mo gbé ìgò náà lọ sílé. Mo gbé e lé ẹsẹ̀ nínú takisí láti Agbowó dé Challenge, awakọ̀ sì ń bẹ̀ mí kí n má da omi sórí àga òun. Màmá ló ní àwọn fẹ́ rí ohun tí àwọn ta ẹ̀rọ fún, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n sọ ọ́. Mo gbé e sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé, mo gé ìdí koríko náà lọ́tun. Túndé wò ó díẹ̀, ó ní ṣé kò ju báyìí náà lọ, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Màmá fa àga. Wọ́n wo ìlẹ̀kẹ̀ náà títí láìsọ nǹkan kan, ẹ sì mọ̀ pé ìyẹn kò wọ́pọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n béèrè irú afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀.

Mo ti mọ̀ pé wọ́n máa béèrè. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Bísí kò mọ̀, Dókítà kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú mú iṣẹ́ tó wù ú, mo lè mú ẹ̀wà, mo lè mú olú. Nítorí afẹ́fẹ́ yẹn ni mo ṣe mú koríko. Mo sọ fún Màmá pé ọ́síjìn ni, òun kan náà ló wà nínú àgbá irin gígùn tí wọ́n gbé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín ní ọsibítù, tí wọ́n fi rọ́bà rẹ̀ sí yín nímú, tí àwa méjèèjì dúró tì, tí a ń wo àyà yín bó ṣe ń lọ sókè, tó ń wá sílẹ̀, títí tí kò fi lọ sókè mọ́.

Màmá sún àga mọ́ fèrèsé. Wọ́n tẹ̀ síwájú débi tí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìgò. Ọ̀kan gòkè, ó bẹ́. Òmíràn gòkè, ó bẹ́. Wọ́n ní ó mà kéré o, ọmọ mi, kì bá tí tó bàbá yín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kì bá tí tó wọn. Wọ́n ní kí n má tíì gbé e kúrò, kí n jẹ́ kó máa yọ títí oòrùn á fi wọ̀. Mo fa àga tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. A jókòó tì í ní gbogbo ọ̀sán yẹn, mi ò sì ka ẹyọ kan.

Mo fẹ́ràn yín púpọ̀, Bàbá mi.

Èmi ni,
Àkọ́bí yín, ọmọ Olómi-Gbígbóná.